Bí a ṣe ń ṣa igi tó ti di òkúta àti òkúta aláràbarà ní aṣálẹ̀ Arizona

Àwọn ará wa kan ní Phoenix àti Tucson ti gbìyànjú èyí rí, wọ́n sì ti pa á tì. Wọ́n á wakọ̀ jáde láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á rìn títí ẹsẹ̀ á fi ro wọ́n, wọ́n á kó òkúta kún àpò. Bí wọ́n bá délé tí òkúta náà gbẹ tán, gbogbo rẹ̀ á wá jọ èyí tó wà lẹ́yìnkùlé wọn. Àwọn mìíràn rí ojúlówó, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ tí òfin kà léèwọ̀ ni wọ́n ti mú un, òkúta tí wọ́n rò pé àwọn fi ṣeré sì sọ wọ́n di arúfin.

Ohun méjì ló sábà máa ń bà á jẹ́. Wọn kì í wádìí ẹni tó ni ilẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì máa ń wá ohun tó ń dán, nígbà tó jẹ́ pé òkúta tó dára jù ní aṣálẹ̀ máa ń fi èèpo burúkú bo ara rẹ̀. Bí ẹ bá mọ ilẹ̀, tí ẹ sì kọ́ ojú yín ní ohun tó yẹ kó máa wá, ẹ ó rí nǹkan mú bọ̀ wálé.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Omi. Ó kéré tán, gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, ìyẹn bíi lítà mẹ́rin, kí òmíràn sì wà nínú ọkọ̀ tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn àfi tí ọkọ̀ bá kọṣẹ́.
- Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ṣòkòtò gígùn, àti akẹtẹ̀. Fìlà olójú kan kò tó, torí kò bo etí àti ọrùn.
- Ìbọ̀wọ́ awọ àti awò tó ń dáàbò bo ojú.
- Òòlù àwọn tó ń fọ́ òkúta. Ẹ fi òòlù káfíńtà sílẹ̀ sílé. Ìṣó ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá pàdé òkúta líle, èérún irin lè fò lára rẹ̀ wọ ojú èèyàn.
- Ìgò kékeré tó ń fọ́n omi, ọ̀bẹ kékeré, ìgò àlòkù kan tí ẹ lè máa ha, àti ọtí kíkan díẹ̀ nínú ìgò oògùn tó ń kán tó-tó-tó.
- Ìwọ̀n tí a fi ń gbé àpótí kọ́ kí a tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé ọmọ Yorùbá kan ní Amẹ́ríkà tí kò ní in, ó sì wúlò púpọ̀ níbí.
- Máàpù tó ń fi ẹni tó ni ilẹ̀ hàn, tí ẹ ti gbà sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé.
- Ìwé ìròyìn àtijọ́ fún wíwé òkúta, ìwé ìkọ̀wé kékeré, àti bírò.
- Òòyà oníke, táyà sípíà tó ní afẹ́fẹ́, jáàkì, tọ́ọ̀ṣì, àti ìbòmú N95.

Òòyà lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún kan wà ní aṣálẹ̀ yìí tí wọ́n ń pè ní cholla. Bí èèyàn bá kàn fara kàn án, ẹ̀ka rẹ̀ á já, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ tàbí ara. Bí ẹ bá fi ọwọ́ fà á, á lẹ̀ mọ́ ọwọ́ náà. Òòyà ni wọ́n ń kì bọ abẹ́ rẹ̀ láti fi ta á dànù.

## Ìpele 1: Ẹ mọ ẹni tó ni ilẹ̀

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ní Arizona, ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, ilẹ̀ ìpínlẹ̀, ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ (àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà) bíi Navajo àti ilẹ̀ aládàáni lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìsí ọgbà, láìsí pátákó. Ní agbègbè Holbrook, tó jẹ́ pé òun gan-an ni igi olókùúta pọ̀ sí jù, wọ́n gé ilẹ̀ náà ní igun mẹ́rin mẹ́rin: ọ̀kan lè jẹ́ ti ìjọba, kí èyí tó kàn án jẹ́ ti ẹnìkan tó ń sin màlúù. Ìṣísẹ̀ mélòó kan péré lè gbé yín kúrò nínú òfin.

Ibi tí ẹ kò ti gbọdọ̀ mú ohunkóhun. Petrified Forest National Park, ní ìlà-oòrùn Holbrook, ló ṣáájú. Àwọn ìtì igi tó wà níbẹ̀ ti lé ní igba mílíọ̀nù ọdún, wọ́n sì lẹ́wà débi pé ọwọ́ á máa yún èèyàn. Ẹ má mú èérún kan, bó ti wù kó kéré tó. Àwọn tó ti jí níbẹ̀ rí máa ń fi í ránṣẹ́ padà nínú lẹ́tà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ àti ìbànújẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà kò sì lè dá a padà sí ààyè rẹ̀, torí wọn kò mọ ojú ibi tí wọ́n ti hú u. Bí wọ́n bá kàn jù ú sílẹ̀ níbikíbi, wọ́n á da iṣẹ́ àwọn onímọ̀ rú. Orí òkìtì kan tí wọ́n ń pè ní Conscience Pile ló ń parí sí. Ó dùn mí púpọ̀, torí òkúta tó ti kúrò ní ààyè rẹ̀ báyìí kò wúlò fún ẹni tó mú un, kò sì wúlò fún ọgbà náà mọ́.

Ẹ fi gbogbo ọgbà ìjọba àpapọ̀ yòókù sí abẹ́ òfin kan náà. Bákan náà ni ilẹ̀ tí wọ́n bá kọ National Monument sí, bó tilẹ̀ jẹ́ iléeṣẹ́ tí mo fẹ́ dárúkọ yìí ló ń bójú tó o. Sonoran Desert National Monument, nítòsí Gila Bend, jẹ́ ọ̀kan. Lórí ilẹ̀ Navajo àti ti àwọn ọmọ onílẹ̀ yòókù, ẹ má ṣa nǹkan kan láìgba àṣẹ. Ilẹ̀ tí ìpínlẹ̀ Arizona dì mú, tí wọ́n ń pè ní State Trust Land, kì í ṣe ti gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ìwé àṣẹ ìgbafẹ́ tí wọ́n ń tà kò fún èèyàn láyè láti kó òkúta níbẹ̀.

Ibi tí ẹ ti lè mú. Ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Bureau of Land Management, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní BLM, ló ṣí sílẹ̀ jù. Fún igi tó ti di òkúta, òfin wọn ṣe kedere: pọ́ùn 25 lọ́jọ́ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bíi kìlógíráàmù 11, pẹ̀lú ẹyọ kan lé e, àpapọ̀ ọdún kan kò sì gbọdọ̀ ju pọ́ùn 250 lọ. Ìdílé tàbí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ kò lè pa ẹ̀tọ́ wọn pọ̀ láti gbé ìtì kan tó wúwo ju pọ́ùn 250 lọ. Ohun tí ẹ bá mú, tiyín ni fún ìlò ara yín: ẹ kò gbọdọ̀ tà á, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò. Ẹ̀rọ awalẹ̀ àti ohun abúgbàù kò bófin mu. Fún àwọn òkúta aláràbarà yòókù, ìwọ̀nba tó yẹ ẹni tó ń ṣe é fún ìgbádùn ni òfin fàyè gbà.

Lórí ilẹ̀ BLM pàápàá, ohun mẹ́ta ni kí ẹ yàgò fún. Ìkíní ni ibi tí awakùsà kan ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ ó rí òpó tàbí òkìtì òkúta ní igun rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìwé nínú agolo tí wọ́n so mọ́ ọn. Èkejì ni egungun ẹranko tó ti di òkúta. Ẹ̀kẹta ni ohunkóhun tí ọwọ́ èèyàn ìgbàanì ti gbẹ́: orí ọfà, àfọ́kù ìkòkò, òkúta tí etí rẹ̀ hàn pé wọ́n pọ́n ọn. Àwọn tó gbé ilẹ̀ yìí láyé àtijọ́ fi igi olókùúta gan-an ṣe ohun èlò, nítorí náà ẹ wo ẹyọ tó bá ní etí mímú tó dọ́gba dáadáa kí ẹ tó jù ú sápò. Bó bá jọ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Ibi tí mo gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti lọ. Saddle Mountain, nítòsí Tonopah, kò jìnnà sí Phoenix lójú ọ̀nà I-10 ní ìwọ̀-oòrùn. Kalkedónì (chalcedony) funfun àti ágéètì (agate), òkúta líle tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ágéètì oníná (fire agate) fún ẹni tó bá ní sùúrù. Black Hills Rockhound Area, láàárín Safford àti Clifton, àti Round Mountain Rockhound Area ní gúúsù Duncan, jẹ́ ibi tí BLM fúnra rẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá kọjá ààlà sí New Mexico, Rockhound State Park wà nítòsí Deming. Ọgbà ìpínlẹ̀ ni, síbẹ̀ wọ́n gba àlejò láyè láti kó tó pọ́ùn 15 lọ.

Fún igi olókùúta ní tààràtà, ọ̀nà tí ọkàn yín á fi balẹ̀ jù ni ilẹ̀ aládàáni lẹ́bàá Holbrook tí onílẹ̀ bá gba owó lọ́wọ́ yín kí ẹ tó wọlé. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín nílé, kí ẹ wá ṣí máàpù náà. Ó gbọ́dọ̀ ṣí láìsí wàhálà. Lórí máàpù ilẹ̀ BLM, àwọ̀ yẹ́lò ni tiwọn, búlúù ni ti ìpínlẹ̀, funfun ni ti aládàáni. Bí ibi tí ẹ ń lọ kò bá sí láàárín yẹ́lò dáadáa, tó jẹ́ etí ààlà ló wà, ẹ yan ibòmíràn. Bí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ pe ọ́fíìsì BLM tó wà ní agbègbè náà. Wọ́n máa ń dáhùn.

## Ìpele 2: Ẹ yan àsìkò, kí ẹ sì tọ́jú ara yín

Láti oṣù November sí March ni kí ẹ lọ. Nígbà ooru láàárín ọdún, ìgbóná ní agbègbè Phoenix máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sì sí òkúta tó tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ kú. Láti 15 June sí 30 September ni àsìkò òjò àti ìjì níbẹ̀. Òjò lè rọ̀ sórí òkè tó jìnnà, kí oòrùn máa ràn lórí yín, kí àgbàrá sì dé lójijì nínú odò gbígbẹ tí ẹ wà. Ẹ má gbé ọkọ̀ sínú odò gbígbẹ, ẹ má sì wakọ̀ la omi tó ń ṣàn kọjá.

Ọ̀rọ̀ ìlera kan wà tó kan àwa gan-an. Nínú erùpẹ̀ aṣálẹ̀ Arizona ni kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n ń pè ní Valley Fever. Bí èèyàn bá fa eruku náà símú, ikọ́, ibà àti àárẹ̀ tí kò lọ bọ̀rọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Àwa aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tó máa ń le fún jù bó bá tàn kọjá ẹ̀dọ̀fóró, aláboyún àti ẹni tí agbára ìdènà àrùn rẹ̀ ti dínkù sì wà nínú ewu pẹ̀lú. Ẹ wọ ìbòmú bí ẹ bá ń walẹ̀, ẹ má sì lọ lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń gbé eruku. Bí ikọ́ bá mú yín lẹ́yìn ìrìn-àjò náà, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ti wà ní aṣálẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ, ó lè tọ́jú yín fún nǹkan mìíràn.

Ẹni tó bá ní fòníkú-fọ̀la-dìde nínú ìdílé yín kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ òun rárá, torí àìtó omi lára máa ń fa ìrora àìsàn náà. Kí ó jókòó sábẹ́ òjìji, kí ó sì bá wọn yẹ òkúta wò. Iṣẹ́ ni ìyẹn náà.

Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti wákàtí tí ẹ máa padà fún ẹnìkan tí kì í gbàgbé. Ẹ fi àwòrán máàpù ránṣẹ́ sí i, torí fóònù lè má ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò ìwakùsà àtijọ́, ẹ má yọjú wò ó: etí rẹ̀ lè wó, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì lè pa èèyàn.

*Àyẹ̀wò:* Ẹni tí ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ti dá a padà pé òun gbọ́. Nígbà tí ìdajì omi tó wà lẹ́yìn yín bá tán, ẹ yí padà, ì báà jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan.

## Ìpele 3: Ẹ kọ́ ojú yín

Bí ààyè bá wà, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọjà òkúta. Ní Quartzsite lóṣù January, àti ní Tucson láti ìparí January wọ February, àwọn oníṣòwò máa ń pàtẹ òkúta láti gbogbo àgbáyé. Ẹ má rà nǹkan kan bí ẹ kò bá fẹ́. Ẹ sọ pé kí wọ́n fi èyí tí wọn kò tíì fọ̀, tí wọn kò tíì dán, hàn yín. Ẹ gbé e lọ́wọ́, kí ẹ mọ bó ṣe wúwo, kí ẹ fi àtàǹpàkò pa á lára. Lẹ́yìn èyí, ojú yín á ti ní ohun tó ń wá.

Ní pápá, ẹ dé kí oòrùn tó ga. Ìtànṣán àárọ̀ máa ń wà nílẹ̀, ó sì máa ń la kalkedónì àti ágéètì kọjá. Ẹ kọjú sí oòrùn kí ẹ máa rìn lọ: òkúta tó bá ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé á tàn láàárín àwọn tí kò gbà á. Tó bá jẹ́ igi olókùúta ni ẹ ń wá, ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí òjìji lè fi ìlà ara igi hàn.

Ẹ má rìn jìnnà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á máa sáré láti òkè kan sí èkejì, á ní ti ọ̀hún á dára ju tibí. Ẹ mú ilẹ̀ kékeré kan, tó fẹ̀ bíi ìgbọ̀nwọ́ ọgọ́rùn-ún, kí ẹ rìn ín lọ, kí ẹ rìn ín bọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ padà gba ìhà kejì, torí òkúta tí ẹ kò rí nígbà tí ẹ ń lọ lè kọjú sí yín nígbà tí ẹ ń bọ̀.

Ibi tí àgbàrá ti ń ṣẹ́rí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Omi máa ń já òkúta tó wúwo sílẹ̀ níbi tó bá ti rẹ̀ ẹ́, pàápàá ní inú kọ́nà odò gbígbẹ. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan tó dára, ẹ wo etí rẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá ti yọ̀ róbótó, ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Bí etí rẹ̀ bá ṣì mú, orísun rẹ̀ kò jìnnà: ẹ máa gòkè lọ lójú àgbàrá náà títí tí irú rẹ̀ kò fi ní sí mọ́, kí ẹ padà díẹ̀, kí ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ òkè ní ọ̀tún àti ní òsì.

Kí èèpo má tàn yín jẹ. Òkúta tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ aṣálẹ̀ máa ń ní èèpo dúdú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń bo àwọ̀ gidi mọ́lẹ̀. Ibi tó bá fọ́ lára rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Láti inú lọ́hùn-ún ni pupa, yẹ́lò àti àwọ̀ ilẹ̀ ti ń wá, ìpáàrà irin ló ń fà á. Manganese ló ń fa dúdú àti àwọ̀ elése àlùkò. Chromium ló sì sábà máa ń fa àwọ̀ ewé nínú igi olókùúta.

Ẹ má ki ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta tí ẹ kò rí ìdí rẹ̀. Ejò tí ìrù rẹ̀ ń dún àti àkeekèé ń sinmi níbẹ̀. Ẹ fi orí òòlù kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún, kí ẹ sì yí i sọ́dọ̀ ara yín, kí òkúta náà lè wà láàárín yín àti ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ to ohun tí ẹ mú sílẹ̀. Bí ó bá ju ogún lọ, ọwọ́ yín ti yá jù, ojú yín kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

## Ìpele 4: Ẹ dán an wò lójú ibẹ̀

Ìpele yìí ni àwọn tó ń kó òkúta lásán délé máa ń fò. Ohun tó ń tan wọ́n jẹ ni omi. Gbogbo òkúta ló ń lẹ́wà bó bá tutù, ó sì dára kí ẹ fọ́n omi sí i láti rí àwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó rọ̀ kò ní gba ìdán láéláé. Ẹ fọ́n omi, ẹ wo àwọ̀, kí ẹ wá ṣe ìdánwò líle.

Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ ha òkúta náà. Igi olókùúta tó dára, ágéètì, jásípérì (jasper) àti kalkedónì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Quartz ni wọ́n, líle wọn sì tó 7 lórí òṣùwọ̀n Mohs tó ń lọ láti 1 dé 10. Ọ̀bẹ kò lè ha wọ́n. Ẹ ṣọ́ra níbí: ọ̀bẹ lè fi ìlà eérú sílẹ̀ lára òkúta, kí ẹ sì rò pé ó ti ha á. Ẹ fi àtàǹpàkò nù ún. Bí ìlà náà bá parẹ́, irin ọ̀bẹ ló jẹ dànù, òkúta ló borí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi etí òkúta ha ìgò. Ó gbọ́dọ̀ fi àpá gidi sílẹ̀.

Ẹ kán ọtí kíkan lé e. Bó bá ń hó wẹ́wẹ́, ẹfun ni, tàbí kí ẹfun bo ara rẹ̀. Ẹ ha ibòmíràn lára rẹ̀ kí ẹ tún kán an kí ẹ tó jù ú nù, torí òkúta rere pọ̀ tí ẹfun aṣálẹ̀ bò.

Ẹ gbé e sí ojú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá la etí rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ kọjá, ágéètì tàbí kalkedónì ni. Bí kò bá là á kọjá rárá, tó sì le, tó ní àwọ̀ tó kún, jásípérì ni. Ẹ rántí pé jásípérì àti kalkedónì wà lára òkúta ìpìlẹ̀ ìlú tí a kà nípa rẹ̀ nínú Ìfihàn orí 21. Àwọn náà rèé lórí ilẹ̀ níwájú yín.

Fún igi olókùúta, ẹ wá ìlà tó ń lọ ní ọ̀nà kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú òrùka tàbí ojú ihò kéékèèké ní ibi tí igi ti dá. Ohun mẹ́ta ló ń jọ ọ́. Igi ọrọ́ tàbí igi aṣálẹ̀ tó ti gbẹ fúyẹ́, ó sì máa ń dún kò-kò bí ẹ bá fi ìka kàn án. Ti òkúta wúwo, ó sì ń dún gán-gán bí ẹ bá fi òkúta mìíràn kàn án. Yanrìn tó dì ní ìlà, ṣùgbọ́n ó máa ń jábọ́ sí ọwọ́ bí ẹ bá fi nǹkan pa á. Rhyolite, òkúta tó ti inú òkè ayọnáyèéfín wá, ni ó ń tan èèyàn jù: ìlà rẹ̀ ń yí, ń ká, ń padà sí ara wọn, kò sì ní òrùka ní orí.

Ágéètì oníná nílò ojú mìíràn. Àwọ̀ ilẹ̀ ni ara rẹ̀, ó ní kókó róbótó kéékèèké, àwọ̀ pupa, ewé àti wúrà sì ń yí nínú rẹ̀ bí ẹ bá yí i sí oòrùn. Ẹ má fi òòlù kàn án. Ìpele tí àwọ̀ náà wà fẹ́lẹ́ gan-an, ọ̀kan ṣoṣo ni ìlùkù tó máa bà á jẹ́.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ pátá, kí ẹ wo ibi tó fọ́ lára rẹ̀. Bí ó bá ní ìyọ̀rọ̀ bí ìda láìsí omi, ẹ gbé e. Bí ó bá rí pákápáká bí amọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

## Ìpele 5: Gbígbé, wíwọ̀n àti kíkọ orúkọ

Bí ẹ bá máa lu òkúta, ẹ wọ awò, kí ẹ sún àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Ẹ fi òòlù yẹ ilẹ̀ yí i ká. Ẹ má lu orí rẹ̀, torí igi olókùúta máa ń fọ́ lójú ìlà tí ẹ kò fẹ́. Bí ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ dí ihò náà. Màlúù lè tẹ̀ ẹ́ lálẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì dá.

Ẹ gbé àpò kọ́ sórí ìwọ̀n kí ẹ tó wọkọ̀. Pọ́ùn 25 jẹ́ ìdajì àpótí kan tí a ń gbé lọ sí Lagos, ó sì máa ń tètè kún ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bó bá lé, ẹ yan èyí tó dára jù, kí ẹ dá ìyókù padà sílẹ̀ níbi tí ẹ ti mú un.

Ẹ kọ nọ́ńbà sórí ìwé tí ẹ fi wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọjọ́, ibi, àti nọ́ńbà GPS sínú ìwé kékeré. Èyí kì í ṣe àṣejù. Òkúta tí kò ní ibi tó ti wá kò lè kọ́ yín ní ibi tí ẹ máa padà sí, ìwé náà sì ni ẹ máa fi hàn bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ibi tí ẹ ti rí i.

*Àyẹ̀wò:* Iye òkúta àti iye ìlà inú ìwé bá ara wọn mu, ìwọ̀n ọjọ́ náà wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ sì ti rò ó pọ̀ mọ́ ti ọdún.

## Ìpele 6: Fífọ̀ nílé

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ àwo, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́. Èyí nìkan tó fún ọ̀pọ̀. Bí ẹfun bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹ rì í sínú ọtí kíkan títí híhó á fi dá, kí ẹ wá rì í sínú omi lásán di ọjọ́ kejì. Ẹ má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ọtí kíkan láéláé. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má sì da omi gbígbóná sórí òkúta tútù, á là.

*Àyẹ̀wò:* Omi tó ń ṣàn kúrò lára rẹ̀ mọ́, ọtí kíkan tuntun kò sì hó lára rẹ̀ mọ́.

## Ìpele 7: Dídán

Ní Ìlọrin láyé àtijọ́, ọwọ́ ni àwọn tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántánà fi ń lọ jásípérì pupa lórí òkúta títí á fi dán. Sùúrù wọn ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ti wà báyìí: agolo rọ́bà tó ń yí òkúta pẹ̀lú omi àti iyanrìn líle, tọ̀sán tòru.

Ẹ kó òkúta tí líle wọn dọ́gba pọ̀, kí ó kún agolo dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Igi olókùúta tó ní ihò tàbí tó là kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ. Iyanrìn á há sínú rẹ̀, á sì ba gbogbo ìyókù jẹ́. Iyanrìn náà ń lọ ní ìpele, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ṣe ń kúnná sí i: 60/90 ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 120/220, lẹ́yìn náà 500, kí ẹ wá fi ìyẹ̀fun ìdán parí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan. Èyí àkọ́kọ́ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń yọ gbogbo àpá. Àwọn ìpele tó kù kò lè yọ ohun tó bá ṣẹ́kù.

Láàárín ìpele kan sí èkejì, ẹ fọ agolo, ìdérí rẹ̀ àti gbogbo òkúta títí kò fi ní sí èérún iyanrìn kankan mọ́. Horo kan ṣoṣo láti inú 60/90 tó bá wọ inú ìdán á ha gbogbo wọn. Ẹ má da ẹrọ̀fọ̀ inú agolo sínú síǹkì tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Á dì bíi sìmẹ́ńtì nínú páìpù. Ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú korobá, kí ẹ sì kó o sínú pàǹtí. Bí ẹ bá lọ ń gé òkúta lọ́dọ̀ ẹnìkan, omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn sórí irin tó ń gé e, kí ìbòmú sì wà lójú yín, torí eruku quartz máa ń dá egbò sí ẹ̀dọ̀fóró tí kì í san.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ nu òkúta náà gbẹ, kí ẹ gbé e sábẹ́ gílóòbù, kí ẹ wo àwòrán iná náà lára rẹ̀. Bí etí àwòrán náà bá mú ketekete, ó ti parí. Bí ó bá rú, kì í ṣe ìyẹ̀fun ìdán ni kí ẹ fi kún un. Ẹ dá a padà sí 500 fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, kí ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ tó tún dán an.